Ọjọ́ wo ni 06/12? Ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà tó ń gba ọjọ́ àti àkókò

Oníbàárà kan fẹ́ ra adìrẹ aṣọ ẹbí ní Ìtòkú, ọjà adìrẹ ní Abẹ́òkúta, ó sì kọ 06/12/2025 sínú fọ́ọ̀mù orí fóònù gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ ìnáwó rẹ̀. Bí sọ́fítíwíà náà bá ń tẹ̀ lé ìlànà tiwa ní Nàìjíríà, ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni, ó sì bọ́ sí ọjọ́ Àbámẹ́ta. Bí ó bá ń tẹ̀ lé ìlànà Amẹ́ríkà, ó di ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà, ìyẹn June 12 tí kò ṣàjèjì sí ọmọ Abẹ́òkúta kankan nítorí Olóyè M.K.O. Abíọ́lá, ó sì bọ́ sí Ọjọ́bọ̀ lọ́dún náà. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni ó wà láàárín ọjọ́ méjèèjì, síbẹ̀ kò sí ohun kan nínú nọ́ńbà tí a kọ yẹn tí yóò sọ fún aláró èyí tí ẹni náà ní lọ́kàn.

Irú ọjọ́ olójú méjì bẹ́ẹ̀ kò kéré. Nínú oṣù kọ̀ọ̀kan, nọ́ńbà ọjọ́ 12 àkọ́kọ́ lè dúró fún ọjọ́ tàbí fún oṣù, èyí sì jẹ́ 144 lọ́dún. Bí a bá yọ 12 tí ìkà méjèèjì ti bá ara wọn mu, irú bí 06/06, ó ku 132. Láti ọjọ́ 13 dé ìparí oṣù, ọ̀nà kan ṣoṣo ni a lè gbà kà á, ibẹ̀ gan-an sì ni ẹ̀tàn wà. Irinṣẹ́ ìkàwé-ọjọ́ kan wà tí í máa fi oṣù ṣíwájú, ṣùgbọ́n tí ó bá rí i pé kò sí oṣù 20, á yí nọ́ńbà méjèèjì padà láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fi 20/12 dán iṣẹ́ rẹ̀ wò yóò lọ sùn pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, nígbà tí 06/12 ti yí padà sẹ́yìn rẹ̀.

Ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ẹnì kan ṣoṣo ló mọ ọjọ́ tó ń sọ, ẹni náà sì ni ó wà níwájú ojú fóònù. Lẹ́yìn tí ó bá ti tẹ bọ́tìnì ìfiránṣẹ́ tí ó sì ti lọ, kò sí ọgbọ́n kóòdù tó lè mú òye náà padà. Nítorí náà, nígbà tí ẹni náà ṣì wà níbẹ̀ ni kí sọ́fítíwíà yanjú ojú méjì. Kí ó béèrè, kí ó má ṣe méfò.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ irú àkókò tí ẹ ń béèrè

Kí ẹ tó ya àpótí kankan sójú ìwé, ẹ kọ́kọ́ bi ara yín léèrè ohun tí àkókò náà jẹ́. Ìgbà tí owó wọ àkáǹtì jẹ́ ìṣẹ́jú kan pàtó, ọ̀kan náà ni káàkiri ayé bí aago ìlú kọ̀ọ̀kan tilẹ̀ ń pè é ní orúkọ tirẹ̀. Ọjọ́ ìbí kò rí bẹ́ẹ̀: ẹni tí a bí ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ń ṣe ọjọ́ ìbí rẹ̀ ní ọjọ́ 6, yálà ó wà ní Ìbarà tàbí ó ti kó lọ sí Houston, kò sì sí wákàtí nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ìpàdé tàbí ìnáwó ọjọ́ iwájú tún yàtọ̀, nítorí aago ìlú tí yóò ti wáyé ni ó ń pàṣẹ lé e lórí.

Nígbà tí a bá po mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀ ni àṣìṣe ń wọlé, èyí tó sì ń bá àwa tí a wà ní Nàìjíríà jà jù lọ nìyí. Ní JavaScript, láti òdo ni wọ́n ti ń ka oṣù, nítorí náà new Date(2025, 11, 6) túmọ̀ sí ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ní aago méjìlá òru níbi tí kọ̀ǹpútà náà wà. Aago wa fi wákàtí kan ṣíwájú UTC, aago àpapọ̀ tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n. Bí ẹ bá fi toISOString sọ ọjọ́ náà di ọ̀rọ̀ kí ẹ tó fi í ránṣẹ́, ohun tí yóò jáde ni 2025-12-05T23:00:00.000Z, bí ibi tí ẹ ń kó dátà sí bá sì gé wákàtí kúrò, ìnáwó ọjọ́ Àbámẹ́ta ti di ti ọjọ́ Ẹtì. Òdìkejì rẹ̀ náà wà: bí ẹ bá kọ new Date("2025-12-06"), UTC ni yóò fi kà á, ní Abẹ́òkúta yóò di aago kan òru ọjọ́ 6, ẹ kò ní fura sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣí ojú ìwé kan náà ní Houston yóò rí ọjọ́ 5.

Ìwòsàn rẹ̀ kò le. Ọjọ́ tí kò ní wákàtí, ẹ jẹ́ kí ó wà láìní wákàtí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ní dátábéèsì PostgreSQL, ẹ lo date, ẹ má ṣe lo timestamp fún un. Ní Java, ẹ lo LocalDate. Ní JavaScript, ẹ lo Temporal.PlainDate níbi tí ó bá ti wà, níbi tí kò bá sì sí, ẹ gbé ọ̀rọ̀ 2025-12-06 kiri bí ó ṣe wà, ẹ má ṣe sọ ọ́ di Date láìnídìí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ gba ọjọ́ lọ́nà tí kò ní ojú méjì

Ohun tó burú jù ni àpótí kan ṣoṣo tí ènìyàn yóò kọ ohun tó bá wù ú sí, tí ẹ wá kọ DD/MM/YYYY sínú rẹ̀ pẹ̀lú àwọ̀ eérú tí kò hàn dáadáa. Ọ̀rọ̀ eérú náà á pòórá bí ẹni náà bá ti tẹ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Ìyá oníṣòwò tí ó ń fi fóònù kékeré ṣiṣẹ́ nínú oòrùn Kútọ̀ kò sì ní í rí i rárá.

Bí ọjọ́ náà bá jẹ́ èyí tí ẹni náà ti mọ̀ sórí, irú bí ọjọ́ ìbí tàbí ọjọ́ ìgbéyàwó, ẹ pín in sí àpótí mẹ́ta tí orúkọ wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan: ọjọ́, oṣù, ọdún. Ìlànà tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi lélẹ̀ fún àwọn ojú ìwé tiwọn ń lo àpótí mẹ́ta bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ tí ènìyàn rántí, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí kàlẹ́ńdà tí a óò máa yí sẹ́yìn láti 2025 dé 1958 kì í ṣe nǹkan tí a ń fún àgbàlagbà. Nínú àpótí oṣù, ẹ jẹ́ kí ènìyàn mú orúkọ oṣù. Àpótí mẹ́ta tó ń gba nọ́ńbà nìkan ti dín ewu kù, ṣùgbọ́n orúkọ oṣù pa á run pátápátá.

Bí ọjọ́ náà bá sún mọ́ tòsí, irú bí ọjọ́ tí oníbàárà yóò wá gba aṣọ, kàlẹ́ńdà ló dára jù, nítorí pé ọjọ́ ọ̀sẹ̀ ni ènìyàn fi ń ronú níbẹ̀. Ẹ kíyè sí i pé àpótí input type="date" máa ń fi ìlànà bíráúsà hàn, kì í ṣe ìlànà tiyín. Iye tó ń fi ránṣẹ́ máa ń jẹ́ 2025-12-06 nígbà gbogbo, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú ń rí lè jẹ́ 12/06/2025 lórí fóònù kan, kí ó sì jẹ́ 06/12/2025 lórí èkejì. Fóònù púpọ̀ ló sì wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn wa tí èdè orí wọn jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì ti Amẹ́ríkà láti ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n, tí ẹni tó rà á kò yí i padà rí. Nítorí náà, ìlànà tó wà lórí fóònù kì í ṣe ẹ̀rí ohun tí ẹni tó ni ín ń rò. Mo rí i pé ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ṣe áàpù gbà pé bí wọ́n bá ti béèrè lọ́wọ́ fóònù, wọ́n ti béèrè lọ́wọ́ ènìyàn. Kò rí bẹ́ẹ̀.

Ọ̀nàkọnà tí ẹ bá fi gba ọjọ́ náà, ẹ ka á padà fún ẹni náà lójúkan náà, lábẹ́ àpótí gan-an: «Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 oṣù Kejìlá 2025». Ọjọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀ṣọ́ tó lágbára jù. Ẹni tó ti ń múra òde Sátidé, tí ó wá rí «Ọjọ́bọ̀, 12 oṣù Kẹfà» lójú fóònù, yóò dúró, kò sí ẹni tí yóò ṣàlàyé fún un kó tó mọ̀ pé nǹkan ti wọ́. Ẹ má ṣe dúró di ojú ìwé tó kẹ́yìn kí ẹ tó fi hàn án. Ní àkókò yẹn owó ni ó ń wò, kì í ṣe ọjọ́.

Bí ó bá di dandan pé kí ẹ gba ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kọ fúnra rẹ̀, bóyá nítorí pé WhatsApp ni àwọn àṣẹ rírà ti ń wọlé, ẹ jẹ́ kí sọ́fítíwíà yẹ ẹ́ wò. Bí nọ́ńbà méjèèjì bá wà láàárín 1 sí 12 tí wọn kò sì dọ́gba, kí ó fi ọjọ́ méjèèjì hàn pẹ̀lú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ wọn, kí ẹni náà yan ọ̀kan. Ìbéèrè kan péré ni, kò sì ní í jáde ju ọjọ́ 132 yẹn lọ. Bí ọ̀kan nínú méjèèjì bá ti kọjá lọ tí àṣẹ rírà náà sì jẹ́ ti ọjọ́ iwájú, ẹ lè fi èyí tó kù ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ ṣì fi hàn án.

Ọdún onínọ́ńbà méjì, ẹ kọ̀ ọ́ pátápátá. Python ka 68 sí 2068, ó sì ka 69 sí 1969. Irinṣẹ́ mìíràn ní ààlà tirẹ̀. Bàbá tí a bí ní 1958, tí ó kọ 58, yóò di ẹni tí a kò tíì bí.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Bí ẹ bá ń fi Yorùbá hàn, ẹ ṣọ́ra fún ìgékúrú

Ó dùn mọ́ mi pé àwọn tó ń ṣe áàpù ní èdè wa ń pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n kàlẹ́ńdà Gẹ̀ẹ́sì tí a kàn yí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ padà ní àrùn tirẹ̀. Kóòdù tó ń gé orúkọ ọjọ́ sí lẹ́tà mẹ́ta ń bá Gẹ̀ẹ́sì lọ dáadáa. Ẹ gé Ọjọ́ Ajé, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ọjọ́rú, Ọjọ́bọ̀ àti àwọn yòókù sí lẹ́tà mẹ́ta, «Ọjọ́» nígbà méje ni ẹ óò rí ní ìlà kan. Bí ẹ bá tilẹ̀ yọ «Ọjọ́» iwájú kúrò lára àwọn tó ní àlàfo, Ọjọ́rú àti Ọjọ́bọ̀ ṣì jọ ara wọn. Ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ ìgékúrú: Àìkú, Ajé, Ìṣẹ́, Rú, Bọ̀, Ẹtì, Àbá. Ẹ rántí pẹ̀lú pé nínú kọ̀ǹpútà, ọ́ kì í ṣe ẹyọ kan; ọ ni, lẹ́yìn náà àmì ohùn. Kóòdù tó bá ń ka ẹyọ kí ó tó gé lè gé àmì ohùn kúrò lórí lẹ́tà.

Ní ti oṣù, àwọn orúkọ tó wà nínú àkójọ tí fóònù àti bíráúsà ń lò fún Yorùbá ni Ṣẹ́rẹ́, Èrèlè, Ẹrẹ̀nà, Ìgbé, Ẹ̀bibi, Òkúdu, Agẹmọ, Ògún, Owewe, Ọ̀wàrà, Bélú àti Ọ̀pẹ̀. Wọ́n dára, mo fẹ́ràn wọn, ṣùgbọ́n ẹ bi àwọn ọ̀dọ́ ní Pánṣẹ́kẹ́ léèrè èyí tí Owewe jẹ́ nínú wọn, ẹ ó rí i pé púpọ̀ nínú wọn yóò máa fi ọwọ́ kà á. Ọmọ Ìjẹ̀bú lè rántí Agẹmọ nítorí ọdún wọn. Márùn-ún nínú méjìlá náà ni lẹ́tà àkọ́kọ́ wọn jẹ́ O tàbí Ọ, nítorí náà ẹ má ṣe gé wọn sí lẹ́tà kan. Níbi tí owó tàbí ìlera bá ti wọ̀ ọ́, mo fara mọ́ «oṣù Kejìlá» tàbí «Disẹ́ńbà», kí orúkọ àbáláyé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Wákàtí, pàápàá aago méjìlá

12:00 AM àti 12:00 PM ń da orí ọ̀pọ̀ ènìyàn rú, kì í ṣe ní ọ̀dọ̀ wa nìkan. Bí sọ́fítíwíà bá wà lórí Yorùbá, ọ̀rọ̀ náà tún le sí i, nítorí àkójọ kan náà tí mo mẹ́nu bà lókè pe AM ní Àárọ̀, ó sì pe PM ní Ọ̀sán, èyí tó lè mú kí ojú fóònù kọ «9:00 Ọ̀sán» nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú. Kò sí Yorùbá tó ń sọ bẹ́ẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí, aago méje àárọ̀, aago kan ọ̀sán, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, aago mẹ́sàn-án alẹ́, aago méjìlá òru ni a ń wí, ẹ sì lè kọ kóòdù kékeré tí yóò fi èyí tó yẹ sí ẹ̀gbẹ́ wákàtí. Ohun tí mo máa ń ṣe ni kí n fi méjèèjì hàn: 21:00, aago mẹ́sàn-án alẹ́.

Òru ló nílò ìtọ́jú jù. Bí ṣọ́ọ̀ṣì bá kọ pé ìṣọ́ òru yóò bẹ̀rẹ̀ ní aago méjìlá òru ọjọ́ Ẹtì, ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ọjọ́ Ẹtì ni tàbí òpin rẹ̀? Ọ̀nà tí a fi ń sọ ọ́ lẹ́nu ti yanjú rẹ̀ tipẹ́: «òru ọjọ́ Ẹtì mọ́jú ọjọ́ Àbámẹ́ta». Ẹ gbé e wọ ojú ìwé bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, nítorí ọjọ́ méjèèjì ni ó dárúkọ. Ní ti gbèdéke ìsanwó tàbí ìforúkọsílẹ̀, ẹ má ṣe fi sí aago méjìlá òru láé. Ẹ kọ 23:59 pẹ̀lú ọjọ́ ọ̀sẹ̀ àti déètì, iyàn á parí.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Aago ìlú wo?

Aago wa kì í yí láàárín ọdún. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án 1919 ni àkọsílẹ̀ àkókò tí àwọn kọ̀ǹpútà ń lò ti fi Èkó, àti gbogbo wa pẹ̀lú rẹ̀, sí wákàtí kan gbáko níwájú UTC. Ìbùkún ni fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ewu ni fún ẹni tó ń kọ kóòdù, nítorí àṣìṣe tó jẹ mọ́ yíyí aago kò ní í hàn lórí kọ̀ǹpútà rẹ̀ ní Abẹ́òkúta láéláé, ó di ìgbà tí oníbàárà rẹ̀ ní London bá pè é.

Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ wọn, aago London àti tiwa jẹ́ ọ̀kan náà. Láti ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn nínú oṣù Kẹwàá títí di ti oṣù Kẹta, a fi wákàtí kan ṣíwájú wọn. Houston wà lẹ́yìn wa ní wákàtí mẹ́fà tàbí méje, ọjọ́ tí tiwọn sì ń yí yàtọ̀ sí ti London. Bí oníṣòwò Ìtòkú bá ṣe àdéhùn láti fi àwòrán aṣọ han oníbàárà Houston lórí fídíò ní aago mẹ́jọ alẹ́ wa, aago méjì ọ̀sán ni lọ́dọ̀ ẹni náà nínú oṣù Kẹfà, ó sì di aago kan ọ̀sán nínú oṣù Kejìlá.

Ẹ má ṣe lo lẹ́tà mẹ́ta láti fi sọ agbègbè aago. CST lè jẹ́ ti àárín Amẹ́ríkà, ó lè jẹ́ ti Ṣáínà. IST lè jẹ́ ti Íńdíà, ti Ireland tàbí ti Ísírẹ́lì. Ẹ lo orúkọ kíkún: Africa/Lagos, Europe/London, America/Chicago tí Houston ń tẹ̀ lé. Kò sí Africa/Abeokuta nínú àkójọ orúkọ agbègbè aago, nítorí náà ẹ jẹ́ kí oníbàárà wá «Abẹ́òkúta», kí ẹ fi Africa/Lagos sí abẹ́ rẹ̀. Lójú ìwé, ẹ kọ orúkọ ìlú: «aago mẹ́jọ alẹ́ ní Abẹ́òkúta, aago kan ọ̀sán ní Houston». Orúkọ ìlú ló yé ènìyàn. +01:00 kò yé ẹnikẹ́ni ní ìsọ̀ aṣọ.

Àwọn wákàtí kan wà tó jẹ́ olójú méjì gan-an. Ní London, ní ọjọ́ 26 oṣù Kẹwàá 2025, aago méjì òru padà sí aago kan, nítorí náà 01:30 wáyé lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ yẹn. Ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹta ọdún kan náà, aago fo láti aago kan sí aago méjì, nítorí náà 01:30 kò sí rárá. Bí ènìyàn bá yan irú wákàtí bẹ́ẹ̀, Temporal ti JavaScript fún yín láǹfààní láti mú ti ìṣáájú, láti mú ti ìkẹyìn tàbí láti kọ̀ ọ́. Python ní fold, àmì tó ń sọ bóyá ti ìṣáájú ni tàbí ti ìkẹyìn. Fún ìpàdé, ẹ kọ̀ ọ́ kí ẹ sì béèrè. Fún iṣẹ́ tí kọ̀ǹpútà ń ṣe fúnra rẹ̀ lóru, ẹ gbé e kúrò ní wákàtí náà, ọ̀rọ̀ tán.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ìpamọ́ àti fífi ránṣẹ́

Fún ohun tó ti ṣẹlẹ̀, ẹ fi UTC pa á mọ́. Fún ìpàdé ọjọ́ iwájú, UTC nìkan kò tó: ẹ pa wákàtí ìlú náà mọ́ pẹ̀lú orúkọ agbègbè aago rẹ̀, nítorí àwọn ìjọba lè yí òfin aago padà lẹ́yìn tí ẹ ti ṣe ìṣirò. Mexico pa yíyí aago tì ní ibi tó pọ̀ jù lórílẹ̀-èdè wọn ní 2022, Íjíbítì mú tiwọn padà ní 2023, ní oṣù Kẹta ọdún yẹn kan náà sì ni ìjọba Lẹ́bánónì sún yíyí aago síwájú nígbà tó ku ọjọ́ díẹ̀, tí àwọn ará ìlú fi ń lo aago méjì nínú orílẹ̀-èdè kan. Ẹ rántí pé timestamp with time zone ti PostgreSQL kì í pa orúkọ agbègbè mọ́ bó ti wù kí orúkọ rẹ̀ dún tó. Ẹ ya òpó mìíràn sọ́tọ̀ fún un. Ìlànà ìbẹ̀rẹ̀ PostgreSQL sì ni pé kí oṣù ṣíwájú ọjọ́, nítorí náà bí ẹ bá fi '06/12/2025' ránṣẹ́ sí i, June 12 ni yóò pa mọ́ láìjanpata.

Láàárín kọ̀ǹpútà sí kọ̀ǹpútà, ìlànà ISO 8601, tó ti wà láti 1988, ni kí ẹ lò: ọdún, oṣù, ọjọ́, pẹ̀lú òdo níwájú nọ́ńbà kékeré. Àǹfààní rẹ̀ mìíràn ni pé bí ẹ bá to orúkọ fáìlì bí lẹ́tà, ọjọ́ wọn náà ti tò.

Ibi tí ìpalára ti ń wọlé gbẹ̀yìn ni Excel. Akọ̀wé yóò gba fáìlì CSV, yóò ṣí i lórí kọ̀ǹpútà tó ń lo ìlànà Amẹ́ríkà, Excel yóò sọ 06/12/2025 di June 12, yóò fi 13/12/2025 sílẹ̀ bí ọ̀rọ̀ lásán, akọ̀wé yóò sì tẹ «Save». Àmì tí ẹ fi máa dá a mọ̀ ni pé nínú òpó kan náà, àwọn ọjọ́ kan lẹ̀ mọ́ apá ọ̀tún, àwọn yòókù lẹ̀ mọ́ apá òsì. Ìwà Excel yìí le débi pé ní 2020, ìgbìmọ̀ tó ń fún àwọn jíìnì ènìyàn, ìyẹn ohun tó ń gbé àbùdá òbí dé ara ọmọ, lórúkọ yí orúkọ àwọn kan padà, MARCH1 di MARCHF1, kí Excel má bàa sọ wọ́n di ọjọ́. Bí fáìlì yín bá máa gba ọwọ́ akọ̀wé kọjá, ẹ ya ọdún, oṣù àti ọjọ́ sí òpó mẹ́ta.

Ìgbésẹ̀ keje: «Lánàá», «ọjọ́ mẹ́jọ», «Fraide tó ń bọ̀»

Nínú ìtàkùrọ̀sọ, «wákàtí méjì sẹ́yìn» dára. Nínú rìsíìtì, ó burú, nítorí lọ́dọ̀ wa àwòrán ojú fóònù ni ẹ̀rí ìsanwó tí ènìyàn ń fi ránṣẹ́ síra wọn, àwòrán náà kì í sì í gbọ́ pé ilẹ̀ ti mọ́. «Lónìí, 14:05» tí a bá rí nínú àwòrán lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan kò wúlò fún ẹnikẹ́ni, ó sì wúlò gan-an fún oníjìbìtì. Ẹ kọ déètì kíkún síbẹ̀. «Fraide tó ń bọ̀» náà, bí a bá sọ ọ́ ní Ọjọ́rú, lè jẹ́ ọ̀tunla, ó lè jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ kejì. Bí ẹ bá lò ó, ẹ so déètì mọ́ ọn.

Ní ti kíka ọjọ́, ọ̀nà tí a ń gbà kà á yàtọ̀ sí ti kóòdù. Àwa ń ka ọjọ́ tí nǹkan bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí ní ọjọ́ Ajé, 5 oṣù Karùn-ún 2025, ọjọ́ Ajé 12 ni ọjọ́ kẹjọ rẹ̀ tí a óò sọ ọ́ lórúkọ. Kóòdù tó bá ro mẹ́jọ mọ́ márùn-ún yóò pe àwọn àlejò sí ọjọ́ Ìṣẹ́gun 13. Ọjà tí wọ́n ń ná lọ́rọọrún bákan náà: bí wọ́n bá ná an ní ọjọ́ 4, ọjọ́ 8 ni yóò tún pé. Nítorí náà, bí sọ́fítíwíà bá gba «ọjọ́ márùn-ún sí òní» fún ìgbà tí aṣọ yóò jáde nínú aró, kí ó fi déètì tí ó kà á sí hàn lójúkan náà, kí oníṣọ̀nà àti oníbàárà jọ rí i.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ọjọ́ tí kò pé

Àwọn àgbà kan wà tí kò sí ìwé ọjọ́ ìbí fún wọn. Màmá kan lè sọ pé ọdún tí Aláké Adémọ́lá fi orí oyè sílẹ̀ ni a bí òun; 1949 nìyẹn, ìmọ̀ gidi ni. Ṣùgbọ́n fọ́ọ̀mù tó sọ ọjọ́ àti oṣù di dandan yóò fi ipá mú ẹni tó ń kọ ọ́ láti tẹ 01/01/1949, láti ìgbà yẹn lọ kò sì sí ẹni tó lè ya ọjọ́ àfinúrò sọ́tọ̀ kúrò lára òótọ́. Ẹ jẹ́ kí fọ́ọ̀mù gba ọdún nìkan, tàbí ọdún àti oṣù, pẹ̀lú àpótí «nǹkan bí». Ẹ̀ka kejì ìlànà ISO 8601, tó jáde ní 2019, ní àmì fún un: 1949~. Bí dátábéèsì yín kò bá gbà á, ẹ fi òpó kan kún un tí yóò sọ bí ọjọ́ náà ṣe dájú tó. Ọdún Iléyá náà, tó dúró lórí rírí oṣù, ẹ kọ «a ń retí» sí i títí tí ìkéde yóò fi jáde.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Dátà tó ti bàjẹ́ tẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá jogún dátà tó kún fún 06/12, ẹ má ṣe yí gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹ kọ́kọ́ pa ọ̀rọ̀ àtilẹ̀wá mọ́ sínú òpó tí ẹnikẹ́ni kò ní í fọwọ́ kàn. Lẹ́yìn náà, ẹ wo ibi tí dátà kọ̀ọ̀kan ti wá: bí fáìlì kan bá ní 25/11 tí kò sì ní 11/25, ó ṣeé ṣe kí gbogbo fáìlì náà jẹ́ ti ìlànà wa, ṣùgbọ́n èyí kò rí bẹ́ẹ̀ fún òpó tí ọ̀pọ̀ fóònù ń kọ sínú rẹ̀. Ẹ wá ẹ̀rí mìíràn lára àkọsílẹ̀ kan náà, irú bí ọjọ́ tí owó wọlé, nítorí aṣọ tí a sanwó rẹ̀ ní oṣù Kẹwàá kò lè jẹ́ ti ìnáwó oṣù Kẹfà tó kọjá. Èyí tí ẹ̀rí kò bá yanjú, ẹ fi àmì sí i, kí ẹ sì pe oníbàárà. Ó ń gba àkókò, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ó kéré sí aṣọ ẹbí tó dé lẹ́yìn òde.

Ìgbésẹ̀ kẹwàá: Ìdánwò

Ẹ yí agbègbè aago kọ̀ǹpútà yín sí America/Chicago, ẹ tún yí i sí Europe/London, kí ẹ sì ṣe gbogbo ìdánwò náà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ẹ yí èdè bíráúsà sí Gẹ̀ẹ́sì Amẹ́ríkà, sí Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà àti sí Yorùbá. Ẹ fi 06/12, 12/06, 13/12, 29/02 ọdún tí kò ní ọjọ́ 29, aago méjìlá òru, àti 01:30 London ti 30 oṣù Kẹta àti ti 26 oṣù Kẹwàá 2025 wọlé. Ẹ fi ọjọ́ kan pamọ́, ẹ ṣí i padà, ẹ tún fi pamọ́ láìyí nǹkan kan padà. Bí ọjọ́ náà bá fi ọ̀kan sún sẹ́yìn, toISOString ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn èyí, ẹ gbé fóònù fún ẹni tí kì í ṣe ẹlẹgbẹ́ yín nínú iṣẹ́, ẹ ní kí ó fi ọjọ́ ìnáwó tó ń bọ̀ nílé rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù, kí ẹ má sọ nǹkan kan mọ́, kí ẹ sì wo ibi tí ojú rẹ̀ dúró sí kí ó tó tẹ bọ́tìnì.